Ìrudí òwú ń já bọ́: ṣé kòkòrò ni, àbí ebi?



Bí ìrudí tàbí èso kékeré bá ń já bọ́ lára òwú, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa sáré fín oògùn. Owó ni oògùn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ebi ló ń pa òwú.

Ewéko a máa mọ̀ pé ebi ń pa òun. Báwo ni a ṣe mọ̀? Nínú ara ènìyàn àti ẹran, purotéènì kan wà tí à ń pè ní AMPK. Ìdílé kinase ló ti wá. Kinase a máa lẹ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, irú èyí tó wà nínú ajílẹ̀ NPK, mọ́ purotéènì mìíràn, láti tì í síṣẹ́ tàbí láti dá a dúró. Bí agbára bá dín nínú ara, AMPK á ní kí ara dín ìnáwó kù.

Ṣé irú rẹ̀ wà nínú ewéko? Lẹ́tà 20 ni wọ́n fi ń kọ purotéènì sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà a máa to lẹ́tà ti ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ewéko, á wá ibi tí wọ́n ti jọra, bí a ṣe ń fi ojú mọ ọmọ ìyá. Àkọsílẹ̀ àbùdá ewéko Arabidopsis jáde ní 2000, ti òwú tí à ń gbìn jáde ní 2015. SnRK1 ni ọmọ ìyá AMPK nínú ewéko. Ìjọra nìkan kò tó. Wọ́n dán an wò. Bí ṣúgà tí ewé ń ṣe bá dín, SnRK1 á dá ìdàgbàsókè dúró kí ewéko má bàa kú.

Òwú tí ṣúgà rẹ̀ kò tó a máa ju ìrudí àti èso kékeré sílẹ̀. Oògùn kòkòrò kì í wo ebi. Nítorí náà:

– Ẹ ṣa èyí tó já bọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo abẹ́ ewé pẹ̀lú, nítorí kòkòrò tó ń fa omi ewé kì í lu ihò.
– Bí ẹ bá rí ihò, ìgbẹ́ kòkòrò tàbí kòkòrò fúnra rẹ̀, ẹ pe olùdámọ̀ràn yín kí ẹ tó fín oògùn.
– Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ wò ó bóyá koríko, òjìji igi, ọ̀dá tàbí híhá ara ló fà á.
– Ẹ tètè ro oko, ẹ tètè fa èyí tó pọ̀ jù tu. Ẹ má fi ju igi 2 sílẹ̀ nínú ihò kan.

Ewé ni ilé ìdáná òwú. Ẹ jẹ́ kí oòrùn débẹ̀.