Aláṣọ-Òkè Èkó: Alárinà Tó Ń Gbé Òfì Ìṣẹ́yìn Ró

Bí ìdílé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó bá ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó, kì í pẹ́ kí ìyá ìyàwó tó yọjú sí aláṣọ-òkè. Ó lè má jẹ́ aṣọ orí àtẹ ló bá wá rárá. Ègé léèsì kékeré kan ló mú lọ́wọ́, tàbí àwòrán inú fóònù. "Ìyá aláṣọ, àwọ̀ tí ẹbí ọkọ mú nìyí o. Gèlè wo ló máa bá a mu?" Ìyá aláṣọ á gba léèsì náà, á gbé e sójú oòrùn, á wá tú àpò tí ó kó oríṣiríṣi ègé aṣọ-òkè sí. Kí wọ́n tó dìde, wọ́n ti mọ iye gèlè, iye ìpele àti iye fìlà tí ẹbí méjèèjì máa lò, àsansílẹ̀ sì ti wọlé.

Jàǹkárà, nítòsí Ìdúmàgbò, ni òkìkí aṣọ-òkè àti àdìrẹ ti kàn jù lọ ní Erékùṣù Èkó. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, òǹtajà lásán ni obìnrin tó jókòó sídìí aṣọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ń pa àwọ̀ òwú pọ̀, òun ló ń fi owó òwú ránṣẹ́ sí ahunṣọ, òun ló ń wá télọ̀ tó máa rán an. Bí aṣọ kò bá sì pé lọ́jọ́ àdéhùn, òun náà ni ẹbí máa wá bá fa wàhálà. Ahunṣọ kì í sábà mọ ẹni tó máa wọ aṣọ rẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò sì mọ ẹni tó hun ún. Ọwọ́ aláṣọ-òkè ni okùn àárín wọn wà.

Ìṣẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà ń lọ. Níbẹ̀, ahunṣọ á na òwú gbọọrọ síwájú òfì, á so ìdí rẹ̀ mọ́ ẹrù òkúta lókèèrè. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ òfì lọ́tùn-ún lósì kí òwú lè yà sókè sódò, ó sì ń ju ọkọ̀ ìhunṣọ láti ọwọ́ kan sí èkejì. Bí aṣọ ṣe ń gùn, tí ó ń ká a sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ni òkúta ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀. Ohun tó ń hun kì í sábà fẹ̀ ju íǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà lọ. Télọ̀ ló máa to ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyí mọ́ra, kí wọ́n tó di ìró tàbí agbádá.

Mẹ́ta ni àgbà nínú aṣọ wọ̀nyí. Ara ilé kòkòrò kan nínú igbó ni wọ́n ti ń rí òwú sányán. Wọ́n á sè é, wọ́n á ran án, àwọ̀ rẹ̀ á sì dà bíi ti eérú tó pọ́n díẹ̀. Láyé àtijọ́, sílíìkì pupa ni wọ́n fi ń hun àlàárì, èyí tí àwọn oníṣòwò máa ń kó gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti etí òkun àríwá. Ẹtù ni wọ́n rẹ sínú aró títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí ìlà funfun tín-ín-rín wá ń là á kọjá. Lónìí, òwú ilé-iṣẹ́ ló gba òfì kan, ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń dún lẹ́nu aláṣọ.

Òwò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní nǹkan bí ọdún 1800 sí ọdún 1900, ọkọ̀ ojú omi máa ń kó aṣọ òfì láti èbúté Èkó lọ sí Bahia ní Brazil, pẹ̀lú obì, ọṣẹ dúdú àti epo. Àwọn obìnrin tó ń bọ òrìṣà níbẹ̀ ń dá a sí èjìká, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wálé, sì wà lára àwọn tó ń ṣòwò rẹ̀. Ní Èkó fúnra rẹ̀, kóòtù òyìnbó ló gbayì láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, títí àwọn kan fi yí padà láàárín ọdún 1890 sí 1900. Ọ̀kan nínú wọn ni Pásítọ̀ David Brown Vincent, tó di Mojola Agbebi ní 1894, tó sì kọ aṣọ òyìnbó sílẹ̀ fún ti Yorùbá.

Ìdíje tó le jù dé lẹ́yìn òmìnira. Láti àwọn ọdún 1960 ni léèsì ti ń wọlé láti Lustenau ní Austria, nígbà tí owó epo sì dé, léèsì di aṣọ olówó. Aṣọ-òkè kò kú. Ó fi ìró àti bùbá sílẹ̀ fún léèsì, ó gba orí àti èjìká. Bí àṣà ìmúra ṣe wá rí nìyẹn: léèsì lára, gèlè àti ìpele aṣọ-òkè lókè. Àwọn aláṣọ Èkó ló mú kí àjọṣe náà ṣeé ṣe, nítorí wọ́n mọ bí a ṣe ń fi òwú ba àwọ̀ léèsì mu.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ní irú aṣọ ìnáwó tí a fi ọwọ́ hun bẹ́ẹ̀; orílẹ̀-èdè Íńdíà náà ní tirẹ̀. Sáàrì Banaras àti ti Kanchipuram, tí gígùn wọn sábà máa ń jẹ́ bíi yáàdì mẹ́fà, aṣọ ìgbéyàwó ni wọ́n, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń hun wọ́n. Aṣọ jọ́ọ̀jì tí wọ́n ń tà ní ọjà Balógun ní Èkó, tí àwọn ará Niger Delta àti Igbo fẹ́ràn, láti apá Madras ló ti ṣẹ̀. Ẹ̀rọ ń da àwọn ahunsáàrì láàmú bó ti ń da ará Ìṣẹ́yìn láàmú: àwọn ilé-iṣẹ́ Surat ń ṣe àfarawé Banaras lówó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ìjọba wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òǹtajà nìkan. Òfin 1985 ya àwọn aṣọ kan sọ́tọ̀ fún òfì ọwọ́, sáàrì wà lára wọn. Ní 2006, wọ́n gbé àmì kan jáde tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ aṣọ tí a fi ọwọ́ hun. Sáàrì Banaras gba ààbò orúkọ ìlú rẹ̀ ní 2009. Láti 2015, ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ ni àjọ̀dún àwọn ahunṣọ wọn. Ìkànìyàn àwọn ahunṣọ ní 2019 sí 2020 fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ òfì níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 3.5, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ní Nàìjíríà, ìlànà lórí aṣọ máa ń yí padà. Ní oṣù Kẹta 2019, Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé òun kò ní fún ẹni tó ń kó aṣọ wọlé ní owó ilẹ̀ òkèèrè mọ́; ní 2023, ó yí ìpinnu náà padà. Láàárín gbogbo èyí, ayédèrú aṣọ-òkè tí ẹ̀rọ hun ń wọ ọjà, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ń tà á. Aláṣọ tó fi owó ránṣẹ́ sí Ìṣẹ́yìn kò lè bá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ díje lórí iye owó. Iṣẹ́ ọwọ́ àti òótọ́ ẹnu rẹ̀ ló kù tó lè fi jà.

Ìjọba Èkó àti ti Ọ̀yọ́ lè pawọ́ pọ̀ fún aṣọ Ìṣẹ́yìn ní àmì tirẹ̀, kí oníbàárà lè mọ ojúlówó lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ ra aṣọ-òkè, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ wo ojú ìrán tó so ọ̀já mọ́ ọ̀já, nítorí odindi ni aṣọ ẹ̀rọ sábà máa ń jẹ́. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti hun ún. Ẹ má dúró dìgbà tí ìnáwó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó lọ bá aláṣọ, kí ẹ sì san àsansílẹ̀ yín lásìkò, torí owó yẹn ni ahunṣọ fi ń ra òwú.