Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ táyà kí ẹ tó sanwó

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù tó lágbára, irú BMW àti Mercedes, ló ń gba èbúté Kútọnu wọlé láti Yúróòpù. Bí táyà wọn bá jẹ tán, àlòkù náà ni ọ̀pọ̀ wa tún ń rà, torí owó tuntun ga. A ò bá ẹnikẹ́ni wí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti pẹ́ lè máa dán, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gan.

Lẹ́tà tó parí ìwọ̀n, bíi 225/45 R17 91W, ń sọ eré tó lè gbà: H jẹ́ kìlómítà 210 ní wákàtí kan, V 240, W 270. Ta ló ń sá 270 lọ sí Sábẹ? Síbẹ̀, lẹ́tà tó ga máa ń fara da ooru jù, ẹ má sì rà èyí tó kéré sí ti ọkọ̀ yín.

Èyí tó burú jù ni táyà tó ní àwòrán òkè àti yìnyín. Ojú ọ̀nà òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀. Lórí ọ̀dà gbígbóná ó ń tètè jẹ, ọkọ̀ kì í sì í tètè dúró bí a bá tẹ bíréèkì. Ìlà ojú rẹ̀ jìn, ìyẹn ló ń tan oníbàárà. Bí ẹni tó ń tà á bá ní "ó ṣì nípọn", ẹ fi àwòrán òkè náà hàn án.