Agbára Ìbò Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin ará, nígbà tí ọjọ́ ìdìbò bá dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé, “Kí ni ìbò tèmi nìkan lè ṣe?” Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 2017, dá wọn lóhùn.

Ilé Àwọn Aṣojú ìpínlẹ̀ náà ní àga 100. Kí ìdìbò ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá tó dé, 66 jẹ́ ti ẹgbẹ́ Republican, 34 sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ Democrat. Nígbà tí a ka ìbò tán, Republican ní 50, Democrat ní 49. Ó ku àga kan ṣoṣo, ti ìlú Newport News, tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀.

Ẹ kíyèsí ohun tí ó rọ̀ mọ́ àga yìí. Bí Republican bá gbà á, wọn yóò di 51, wọn yóò sì lè yan Olórí Ilé. Olórí Ilé ni ó ń yan àwọn tí yóò jókòó nínú àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké, níbi tí a ti ń yẹ àbá òfin wò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kú sí. Bí Democrat bá gbà á, yóò di 50 sí 50, ẹgbẹ́ kan kì yóò sì lè dá ṣe àkóso láìbá èkejì ṣe àdéhùn.

Ní kíkà àkọ́kọ́, David Yancey ti Republican fi ìbò 10 ṣíwájú Shelly Simonds ti Democrat. Nígbà tí a tún un kà ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, Simonds ní 11,608, Yancey ní 11,607. Ní ọjọ́ kejì, àwọn adájọ́ mẹ́ta yẹ ìwé ìbò kan wò tí a ti pa tì. Ẹni tí ó ni ín ti sàmì sí ibi orúkọ àwọn méjèèjì, ó sì fa ìlà kọjá lórí àmì ti Simonds. Àwọn adájọ́ ní Yancey ni ó ní lọ́kàn. Báyìí ni àwọn méjèèjì di ọgbọọgba.

Òfin Virginia pàṣẹ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a ṣẹ́ gègé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018, ní Richmond, a fi orúkọ àwọn méjèèjì sínú agolo kékeré méjì, a kó wọn sínú abọ́ kan, a sì mú ọ̀kan jáde: Yancey ni. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà, ìdìbò, ni a fi ń pe ṣíṣẹ́ gègé àti yíyan aṣojú. Ní ọjọ́ náà, ìtumọ̀ méjèèjì pàdé.

Republican di 51, Democrat di 49. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó fi ẹyọ díẹ̀ borí kò lè ṣe bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Ilé náà ti kọ̀ láti mú Medicaid, ètò ìtọ́jú àwọn aláìní, gbòòrò. Lẹ́yìn ìdìbò yìí, díẹ̀ nínú àwọn Republican dara pọ̀ mọ́ Democrat, àbá náà borí, gómìnà Ralph Northam sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹfà ọdún 2018. Ọ̀nà sì là fún nǹkan bí 400,000 ènìyàn. Ní ọdún 2019, Simonds borí Yancey, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba àga 55.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwé ìbò yín, kí ẹ sì sàmì sí i bí ó ti yẹ. Bí ẹnìkan ṣoṣo nínú àwọn tí ó jókòó sílé ní Newport News bá ti jáde wá dìbò fún èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì, a kì bá tí gbé abọ́ kalẹ̀.