Iṣẹ́ Ìríjú Lórí Oògùn Apakòkòrò

Ìríjú ni ẹni tí a fi ohun iyebíye sí ìkáwọ́ rẹ̀, tí yóò sì jíhìn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ìwòsàn ń ṣe lónìí lórí oògùn apakòkòrò.

Nígbà tí Alexander Fleming, ẹni tí ó ṣàwárí pẹnisílìnì ní 1928, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945, ó kìlọ̀ pé bí a bá lo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó, apá rẹ̀ kò ní ká kòkòrò àrùn mọ́. Ìkìlọ̀ náà ti ṣẹ. Oògùn a pa àwọn kòkòrò tí kò lágbára. Èyí tí ó lágbára a ṣẹ́kù, a sì máa bí sí i.

Nítorí náà, dókítà tí ó mọṣẹ́ a fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fún àyẹ̀wò. Bí àìsàn bá le, a bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èsì bá dé, a lè pààrọ̀ oògùn náà tàbí kí ó dá a dúró. Kí ẹbí má ṣe pe èyí ní ahun. Ó ń gba aláìsàn lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru tí àlòjù oògùn lè fà, ó sì ń pa oògùn alágbára mọ́ fún ọmọ tuntun tí kòkòrò bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí a yé ra kápúsù nítorí ọ̀finkìn, nítorí oògùn apakòkòrò kì í wo ọ̀finkìn. Èyí tí a bá fi ṣòfò lónìí, àwọn ọmọ wa ni yóò wá a tì lọ́la.