Ẹ̀dà Ìwé, Ìtẹ̀ka àti Ẹjọ́ Ìpànìyàn ní Jẹ́dà

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ọlọ́pàá kan kú nínú rògbòdìyàn ní Jẹ́dà, ìlú èbúté tí àwọn arìnrìn-àjò Hájì ń gbà lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n mú ọmọ Nàìjíríà mẹ́tàlá. Ní 2005, wọ́n dájọ́ ikú fún ọ̀kan nínú wọn. Àjọ Amnesty International ní wọn kò ní agbẹjọ́rò, wọ́n sì mú wọn tẹ̀ka sí àkọsílẹ̀ èdè Lárúbáwá tí wọn kò lè kà.

Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé kóòtù Nàìjíríà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ojúlówó ni àbí ẹ̀dà? Abala 87 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ka fótókópì sí ẹ̀rí onípò kejì. Ẹni tó mú un wá gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ibi tí ojúlówó wà: bóyá ó sọnù, ó jóná, tàbí ó wà lọ́wọ́ alátakò. Bó bá jẹ́ ìwé ìjọba, ẹ̀dà tí òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ fọwọ́ sí nìkan ni abala 90 gbà.

Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ òṣìṣẹ́ kò jẹ́rìí ju pé ẹ̀dà bá ojúlówó mu. Bí ẹni tó tẹ̀ka bá lóye ohun tí wọ́n kọ, òǹtẹ̀ kò lè sọ. Abala 17 Òfin Ìṣàkóso Ẹjọ́ Ọ̀daràn ti 2015 ló bójú tó èyí: kí ògbufọ̀ kọ ọ̀rọ̀ afurasí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó sì kà á fún un títí yóò fi yé e, kó tó fọwọ́ sí i. Lójú tèmi, ìlànà yìí wúwo ju gbogbo àríyànjiyàn fótókópì lọ. Ìjẹ́wọ́ jẹ́ ẹ̀rí ńlá ní Sáúdí. Bí ojúlówó àkọsílẹ̀ Jẹ́dà tilẹ̀ wà níwájú adájọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó tẹ̀ka lè má sí nínú rẹ̀.