Wíwá Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Ìró Ìparí Wọn Bára Mu: Ojú, Etí àti Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Nínú ìdánwò àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ girama tí àjọ WAEC ń ṣe, a máa ń rí ìbéèrè kan nínú Gẹ̀ẹ́sì alóhùn tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ọ̀rọ̀ tí ìró ìparí rẹ̀ bá ti ọ̀rọ̀ mìíràn mu. Ìbéèrè náà kò gùn, ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ lè kùnà rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí òǹkọ̀wé yìí lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ wò níbi tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò, ọ̀kan nínú wọn kọ “work” àti “fork” sójú pátákó gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo kíláàsì pè é tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí etí rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú iṣẹ́ yìí ni ìdí tí etí wọn kò fi kọ̀ ọ́, àti bí a ṣe lè wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìṣìnà.

Kí ni ìbáramu ìparí?

Ìbáramu ìparí ni a ó máa pe ohun tí a ń wí yìí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ méjì ní ìbáramu ìparí bí ìró wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà láti orí fáwẹ̀lì tó gba ìtẹnumọ́ kẹ́yìn títí dé òpin ọ̀rọ̀, tí kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú fáwẹ̀lì náà sì yàtọ̀. “Light” àti “night” bá òfin yìí mu. “Night” àti “knight” kò bá a mu, nítorí pé bákan náà ni a ń pe àwọn méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Orí ìtẹnumọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dúró lé jù. Bí ohùn ṣe ya “igbá” sọ́tọ̀ kúrò lára “ìgbà” ní Yorùbá ni ìtẹnumọ́ ṣe lè ya ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sí méjì. Bí ìtẹnumọ́ bá wà lórí sílébù kìn-ín-ní “present”, ọ̀rọ̀-orúkọ tó túmọ̀ sí ẹ̀bùn ni, “pleasant” ni yóò sì bá a mu. Bí ó bá bọ́ sórí sílébù kejì, ó di ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì di ẹgbẹ́ “sent” àti “rent”. Bákan náà, kò tó kí ọ̀rọ̀ méjì kàn fi “-tion” parí. “Nation” àti “station” bára mu; “nation” àti “lotion” kò bára mu. “Ration” ńkọ́? Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà á sọ́tọ̀ sí “nation”, síbẹ̀ “passion” àti “fashion” ni ìbátan rẹ̀.

Lẹ́tà ń tan ojú, ẹnu ń tan etí

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ márùn-ún tó fi “ough” parí. “Cough” bá “off” mu, “though” bá “go” mu, “through” bá “too” mu, “bough” bá “cow” mu, “rough” sì bá “stuff” mu. Láyé àtijọ́, kọ́ńsónáǹtì kan tí a ń pè láti ẹ̀yìn ẹnu ni “gh” yìí dúró fún. Ó pòórá nínú “though”, ó di ìró f nínú “rough”. Fáwẹ̀lì gígùn Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣípò láàrin nǹkan bí ọdún 1400 sí 1700, bẹ́ẹ̀ William Caxton ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1476. Ìwé títẹ̀ ti ń so àkọtọ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹnu ṣì ń rìn lọ. Ọmọ tó ti fi àkọtọ́ Yorùbá mọ̀ pé ohun tí a kọ ni a ń pè yóò gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́tà, yóò sì so “love” pọ̀ mọ́ “move”.

Ti etí tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní. Ogún ni a sábà máa ń kà fún Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò ti ilẹ̀ Bìrìtìkó, àti alápapọ̀ àti ẹyọ. Nítorí náà, lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, “sit” àti “seat” di ọ̀kan, “cut” àti “caught” di ọ̀kan, “work” àti “walk” náà di ọ̀kan. Ọmọ tó so “work” mọ́ “fork” kò ṣì í gbọ́ rárá: ohun tí olùkọ́ rẹ̀ pè gan-an ló gbọ́, lẹ́tà sì tún jẹ́rìí sí i. Lójú tèmi, èyí kì í ṣe àbùkù. Àwọn tó ni èdè pàápàá kò fẹnu kò: “sort” àti “bought” bára mu ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò bára mu lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà, tí ń pe “r” tó wà nínú “sort”. Ṣùgbọ́n ìpè kan pàtó ni olùdánwò fi ń máàkì, ọmọ náà ló sì ń pàdánù máàkì.

Bí a ṣe ń wá a

Kí a gé ọ̀rọ̀ níbi fáwẹ̀lì tó gba ìtẹnumọ́, kí a sì máa fi kọ́ńsónáǹtì dípò kọ́ńsónáǹtì síwájú rẹ̀. Láti ara “light”, a ó rí “bite”, “fight”, “height”, “kite”, “might”, “tight”, “white”. A rí i pé àkọtọ́ wọn kò dọ́gba. Ibi tí àwọn ọmọ wa ti sábà máa ń dúró nìyí, nítorí pé Yorùbá kò ní ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ síwájú dé “bright”, “flight” àti “slight”, kí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pọ̀ sílébù bí “polite” àti “invite”.

Àwọn ìwé tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Peter Levins to ọ̀rọ̀ nípa ìparí wọn ní 1570, John Walker sì ṣe irú rẹ̀ ní 1775. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ lẹ́tà ìparí ni Walker fi tò ó, ojú nìkan ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ràn lọ́wọ́. Ìwé ìpè ọ̀rọ̀ tí Daniel Jones gbé jáde ní 1917 wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ fún olùkọ́, nítorí pé àmì ìró ló lò. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ń lo àkójọ ìpè ti Yunifásítì Carnegie Mellon, tó ní ju 130,000 ọ̀rọ̀ lọ, tó sì fi nọ́ńbà 0, 1 àti 2 sàmì sí ìtẹnumọ́. Ìpè Amẹ́ríkà ni, kí olùkọ́ má gbàgbé.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹgbẹ́. “Month” jẹ́ ọ̀kan. Fún “silver”, “chilver” nìkan ni a sábà máa ń rí, ìyẹn abo ọ̀dọ́ àgùntàn, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò mọ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, a ṣí ìwé atúmọ̀ èdè pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ wa. Ó rí i pé “jerk” ni ẹgbẹ́ “work”, “walk” sì ni ẹgbẹ́ “fork”. Ó padà síwájú kíláàsì, ó tún un kọ. Ọmọbìnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn nawọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ‘word’ àti ‘lord’ náà kò bára mu nìyẹn?” Ó tún ìwé náà ṣí.