Kì í ṣe Owó Nìkan ni Òṣìṣẹ́ ń Ṣiṣẹ́ Fún

Bí a bá bi òṣìṣẹ́ léèrè ìdí tí ó fi ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, owó ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kò sì purọ́. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, nígbà tí ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àti àwọn ti rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta pẹ̀lú, da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó tí kò tó ná. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta mìíràn wà tí ń mú ọkàn òṣìṣẹ́ yá.

Èkíní ni ìrètí. Ẹ wo ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì ní Muṣin. Ọ̀gá rẹ̀ kì í san owó oṣù fún un. Síbẹ̀, òun ni ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀, tí ó sì ń gbálẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òun yóò gba òmìnira, tí òun náà yóò sì di ọ̀gá.

Èkejì ni iyì. Ní ọdún 1934 ni ìjọba ṣí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga tí ó wà ní Yàbá. Àwọn tí ó jáde níbẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí wọn kò tó ti yunifásítì, olùrànlọ́wọ́ fún àwọn òyìnbó ni a sì fi wọ́n ṣe. Bí wọ́n tilẹ̀ mọ iṣẹ́, ọ̀nà àtigòkè há fún wọn. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé nínú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Òun ni ó di Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà ní ọdún 1936.

Ẹ̀kẹta ni kí ènìyàn rí èso iṣẹ́ rẹ̀, kí a sì yìn ín. Nọ́ọ̀sì tí ó bá rí i pé ẹni tí a gbé wọ ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde ti gba èrè tí a kì í kà mọ́ owó oṣù. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá tún wí pé, “Ẹ kú iṣẹ́,” ara rẹ̀ yóò tún yá sí i. Àwọn àgbà ní: yin ni, yin ni, kí ẹni ó ṣe òmíràn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, púpọ̀ nínú yín ni yóò di ọ̀gá lọ́la. Ẹ rántí pé ọ̀gá tí ó bá fi ìyìn rọ́pò owó, ìrẹ́jẹ ni ó ṣe. Èyí tí ó bá sì san owó láìbọ̀wọ̀ fún òṣìṣẹ́, ọwọ́ òṣìṣẹ́ nìkan ni ó gbà, kò gba ọkàn rẹ̀.